Ẹ̀rí Wà Nílẹ̀, Àwòrán Ni Kò Sí

Ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá lónìí korò lẹ́nu díẹ̀, nítorí pé àwa tí à ń pera wa ní onímọ̀ èdè ni mo fẹ́ bá wí.

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ níbi tí ó ti ń dùn wá. Oṣù kọkànlá ọdún 2022 ni ìjọba àpapọ̀ Nàìjíríà fọwọ́ sí ìlànà èdè tuntun kan, èyí tí ó ní kí a máa fi èdè abínibí kọ́ àwọn ọmọdé ní ọdún mẹ́fẹ̀ẹ̀fà tí wọn yóò lò ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. A jó, a yọ̀. Nígbà tí ó di oṣù kọkànlá ọdún 2025, Mínísítà Ètò Ẹ̀kọ́, Dókítà Tunji Alausa, kéde ní Àbújá pé ìjọba ti wọ́gi lé ìlànà náà, àti pé èdè Gẹ̀ẹ́sì ni a ó máa fi kọ́ni láti ìpele àkọ́kọ́ títí dé yunifásítì. Ìdí tí ó sọ ni pé láti bí ọdún 15 sẹ́yìn, àwọn agbègbè tí ó fi èdè abínibí kọ́ni jù ni àwọn ọmọ ti ń fìdí rẹmi jù nínú ìdánwò WAEC, NECO àti JAMB.

Kí ni a fi dá a lóhùn? A ní èdè ẹni ni ìdánimọ̀ ẹni. A ní odò tó bá gbàgbé orísun rẹ̀, gbígbẹ ni yóò gbẹ. Òótọ́ ni gbogbo rẹ̀, n kò sì ní bá ẹnikẹ́ni bu òwe kù, lára òwe ni mo ti ń jẹun. Ṣùgbọ́n èsì ìdánwò ni mínísítà tọ́ka sí. Ẹni tí ó bá gbé ìṣirò wá sí àárín ìgbìmọ̀, ìṣirò ni a fi ń yẹ ọ̀rọ̀ rẹ̀ wò. Ohun tí ó sì ń bí mi nínú jù ni pé ìṣirò náà wà lọ́wọ́ wa, ó ti wà níbẹ̀ tipẹ́, a kàn fi í sílẹ̀ kí eruku máa bò ó ni.

Ní ọdún 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ìwádìí ọlọ́dún mẹ́fà tí gbogbo wa ń fi yangàn títí dòní. Wọ́n fi Yorùbá kọ́ kíláàsì kan ní gbogbo ẹ̀kọ́ fún ọdún mẹ́fà gbáko. Gẹ̀ẹ́sì nìkan ni wọ́n fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́ wọn, gẹ́gẹ́ bí ẹ̀kọ́ kan láàárín àwọn yòókù. Kíláàsì kejì lo Yorùbá fún ọdún mẹ́ta, ó wá yí sí Gẹ̀ẹ́sì fún mẹ́ta tó kù, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti ń ṣe é níbi gbogbo nígbà náà. Ìwé tí ó kó àbájáde rẹ̀ jọ jáde ní 1989. Àwọn ọmọ tí a fi Yorùbá kọ́ kò rẹ̀yìn nínú Gẹ̀ẹ́sì rárá, wọ́n sì tayọ àwọn ẹgbẹ́ wọn ní ọ̀pọ̀ nínú àwọn ẹ̀kọ́ yòókù.

Ẹ wá bi akẹ́kọ̀ọ́ Yorùbá èyíkéyìí léèrè ohun tí ìwádìí yìí sọ. Yóò dá yín lóhùn wàrà pé, “Fafunwa ti fi hàn pé èdè abínibí dára.” Ẹ tún bi í: nínú ẹ̀kọ́ wo ni ìyàtọ̀ náà ti pọ̀ jù? Báwo ni ó ti pọ̀ tó? Ọmọ mélòó ni wọ́n wò? Kẹ́kẹ́ á pa mọ́ ọn lẹ́nu. N kò dá a lẹ́bi. Inú àtẹ òǹkà ni ìdáhùn wà, ojú ewé lẹ́yìn ojú ewé, kò sì sí ẹni tí ń há àtẹ òǹkà sórí. Àtẹ dára fún ẹni tí ó mọ òǹkà kan pàtó tí ó ń wá. Ní ti ẹni tí ó fẹ́ mọ bí ọ̀rọ̀ ti rí lápapọ̀, bí igbó kìjikìji ni àtẹ rí lójú rẹ̀. Láti ìgbà tí mo ti ń kọ́ni, èmi kò tí ì rí ẹyọ ìwé pélébé kan lára ògiri ẹ̀ka ẹ̀kọ́ èdè níbikíbi tí ó ya kíláàsì méjèèjì sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn kí ọmọdé àti àgbà lè wò ó.

Bẹ́ẹ̀ kò le. Ẹ fa ìlà gbọọrọ kan fún ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan, gbogbo wọn lórí ìwọ̀n kan náà, láti 0 dé 100. Ẹ fi àmì róbótó dúdú kékeré sí ibi tí máàkì kíláàsì Yorùbá dé, kí ẹ sì fi èyí tí inú rẹ̀ ṣófo sí ibi tí ti kíláàsì kejì dé. Ẹ fi ìlà tín-ín-rín so àwọn méjèèjì pọ̀. Gígùn ìlà tín-ín-rín yẹn ni ìyàtọ̀ tí à ń jà lé lórí. Ẹ to àwọn ẹ̀kọ́ náà bí ìyàtọ̀ wọn ti pọ̀ sí, kí èyí tó pọ̀ jù wà lókè. Ẹ má tò wọ́n bí ábídí, nítorí ábídí kò mọ ohun tí à ń wá. Ẹni tí ń bẹ̀rù pé Yorùbá yóò ba Gẹ̀ẹ́sì ọmọ òun jẹ́ yóò kọ́kọ́ wá ìlà Gẹ̀ẹ́sì lọ, yóò sì bá a níbẹ̀. Nísàlẹ̀, ẹ kọ iye ọmọ àti ọdún tí wọ́n ṣe ìdánwò. Ẹ sì kọ ọ́ pẹ̀lú pé olùkọ́ àkànṣe ni wọ́n fún kíláàsì Yorùbá fún ẹ̀kọ́ Gẹ̀ẹ́sì, nítorí pé ibẹ̀ ni àwọn alátakò ti máa ń mú wa. Ẹni tí ó bá fi àléébù ẹ̀rí rẹ̀ pamọ́, ọ̀tá ni yóò bá a tú u síta.

Irú àwòrán bẹ́ẹ̀ gan-an ni ó yẹ kí a fi yẹ ọ̀rọ̀ mínísítà náà wò. Ìpínlẹ̀ 36 ni a ní, pẹ̀lú Àbújá. Kí ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan jẹ́ àmì kan lójú ìwé. Bí àmì bá ti lọ sápá ọ̀tún tó ni iye àwọn ọmọ tí a ń fi èdè abínibí kọ́ ṣe pọ̀ tó. Bí ó bá ti lọ sókè tó ni èsì WAEC ibẹ̀ ṣe dára tó. Bí ọ̀rọ̀ náà bá rí bí ó ti wí, àwọn àmì yóò máa sọ̀kalẹ̀ bí a ti ń lọ sí ọ̀tún. Kí a tó fi àmì ẹyọ kan sílẹ̀ rárá ni wàhálà yóò ti dé: iye wo ni a ó lò fún apá ọ̀tún? Ohun tí ìlànà sọ kọ́ ni ohun tí olùkọ́ ń ṣe nínú kíláàsì. Láti 1977 ni ìlànà ẹ̀kọ́ orílẹ̀-èdè yìí ti ní kí a máa lo èdè àyíká ọmọ ní ọdún ìbẹ̀rẹ̀, síbẹ̀ gbogbo wa mọ iye ilé-ẹ̀kọ́ aládàáni ní Èkó àti Ìbàdàn tí wọ́n ti ń na ọmọ nítorí pé ó sọ Yorùbá. Ẹ tún fi ọjọ́ orí sí i: ọmọ tí ó wọ kíláàsì kìn-ín-ní lẹ́yìn tí ìlànà 2022 jáde yóò lo ọdún mẹ́fà ní alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, yóò tún lo mẹ́fà mìíràn ní gírámà, kí ó tó fojú kan WAEC. Kò sí èyí tí ó ti débẹ̀ nínú wọn. Àti pé bí àwọn àmì náà bá tilẹ̀ sọ̀kalẹ̀ lóòótọ́, ẹ tún wọn yà, kí ẹ fi àwọ̀ tó ṣú hàn níbi tí olùkọ́ ti ṣọ̀wọ́n, kí ẹ wá wò ó bóyá èdè ni ó ń fa ọmọ sẹ́yìn tàbí àìsí olùkọ́. Èyí ni iṣẹ́ àwòrán. Ó ń jẹ́ kí ẹni tí kì í ṣe ọ̀mọ̀wé lè béèrè ìbéèrè tí ọ̀mọ̀wé kò fẹ́ kí wọ́n béèrè.

Ṣé ilé tiwa wá mọ́ ni? Ẹ ṣí iṣẹ́ àpilẹ̀kọ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa, ẹ lọ sí orí kẹrin. Àwòrán róbótó gbàǹgbà ni ẹ ó bá níbẹ̀, tí Excel gé wẹ́wẹ́ bí kéèkì ọjọ́ìbí, tí ó ga nílẹ̀, tí ó fì sẹ́yìn, tí ó sì ń dán. Àwọ̀ méje fún ìdáhùn méje. Fífì tí ó fì sẹ́yìn yẹn, irọ́ ni: ìpín tó wà níwájú á tóbi lójú ju bí ó ti yẹ lọ, ti ẹ̀yìn á sì sún kì. Àní bí a bá tilẹ̀ tẹ́ ẹ sílẹ̀ pẹrẹsẹ, ojú kò mọ igun wọ̀n. Ní 1984, àwọn onímọ̀ ìṣirò méjì ní Amẹ́ríkà, William Cleveland àti Robert McGill, fi ìdánwò fi hàn pé ojú máa ń wọn ibi tí nǹkan dé lórí ìwọ̀n kan náà lọ́nà tí ó péye ju bí ó ti ń wọn igun lọ. Ọ̀pá ni kí ẹ yà. (Akẹ́kọ̀ọ́ mi kan dábàá pé kí a máa pè é ní “àwòrán ọlọ́pàá”. Mo bẹ̀ ẹ́ kí ó jọ̀wọ́. Àyà àwọn aráàlú ti já tó.) William Playfair, ará Scotland tí ó tẹ àwòrán róbótó jáde ní 1801, òun kan náà ni ó ti tẹ àwòrán ọ̀pá jáde ní 1786. A ní méjèèjì lọ́wọ́, èyí tí kò wúlò ni a dì mú.

Ẹ̀ṣẹ̀ kejì burú ju ìyẹn lọ. Ká ní akẹ́kọ̀ọ́ kan pín ìwé ìbéèrè fún ènìyàn 50, tí 30 nínú wọn ní àwọn kì í sọ Yorùbá nílé. Lójú àwòrán, yóò di “60%”. Nínú àkọlé, yóò di “Àwọn ọ̀dọ́ Yorùbá ti kọ èdè wọn sílẹ̀”. Ènìyàn 30! Bí ó bá tilẹ̀ fi ìbò yan àwọn 50 náà, tí kò kàn dúró sẹ́nu ọ̀nà ilé oúnjẹ yunifásítì, òótọ́ ọ̀rọ̀ lè wà níbikíbi láàárín nǹkan bí 46 sí 74 nínú 100. Ìyẹn ni pé ó ṣeé ṣe kí àwọn tí ń sọ ọ́ nílé pọ̀ ju àwọn tí kì í sọ ọ́ lọ. Kí ó tó lè sọ pé àṣìṣe òun kò ju nǹkan bí 3 lọ sókè tàbí sísàlẹ̀, ẹgbẹ̀rún ènìyàn ni yóò nílò. Ẹ fa ìlà kékeré kan la orí ọ̀pá náà já láti fi àyè àìdánilójú yẹn hàn, kí ẹ sì kọ “ẹni 30 nínú 50” sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.

Ẹ kọ ìbéèrè náà pẹ̀lú, bí ẹ ti bi wọ́n gan-an. “Ǹjẹ́ o fẹ́ràn èdè Yorùbá?” Ta ni yóò ní òun kò fẹ́ràn rẹ̀ lójú olùkọ́ Yorùbá? Bí òǹkàwé bá rí ìbéèrè lábẹ́ àwòrán, yóò mọ ìwọ̀n tí ó yẹ kí òun gbà gbọ́. Ìsàlẹ̀ ọ̀pá sì gbọ́dọ̀ jẹ́ 0. Ẹni tí ó bá fi 50 ṣe ìsàlẹ̀, tí ó wá ya 52 àti 55 sí i, ó ti sọ ìyàtọ̀ tín-ín-tín di ìlọ́po méjì àbọ̀.

Mo mọ ohun tí àwọn kan yóò sọ. Wọn yóò ní àwa kì í ṣe onísirò, iṣẹ́ ọnà-èdè ni tiwa. W. E. B. Du Bois náà kì í ṣe onísirò, onítàn ni. Ó lọ láti ojúlé dé ojúlé láàárín àwọn Adúláwọ̀ Philadelphia, ó tẹ ìwádìí náà jáde ní 1899. Fún ìpàtẹ àgbáyé Paris ní 1900, òun àti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Atlanta fi ọwọ́ ya nǹkan bí 60 àwòrán aláwọ̀ mèremère lórí ẹ̀kọ́, ilẹ̀ níní àti iṣẹ́ àwọn Adúláwọ̀ Amẹ́ríkà, kí àwọn tó ń sọ pé ènìyàn dúdú kò lè gòkè lè fojú ara wọn rí i. Kò sí kọ̀ǹpútà nígbà náà. Lóòótọ́, àwọn kan nínú àwòrán náà lọ́ bí ìkarahun ìgbín, n kò sì ní gbà á lọ́wọ́ akẹ́kọ̀ọ́ mi. Ṣùgbọ́n ó mọ àwọn tí òun ń bá sọ̀rọ̀.

Àwọn baba wa pẹ̀lú mọ̀ ọ́n. Nínú àrokò, owó ẹyọ mẹ́fà tí a fi ránṣẹ́ sí ènìyàn túmọ̀ sí pé ọkàn ẹni fà sí i, nítorí pé “ẹfà” àti “fà” jọ dún. Iye ni ọ̀rọ̀ náà. Ẹni tí ó dì í kò fi owó ẹyọ méjìlá sí i kí ó lè pọ̀ lójú, kò sì lo àmì tí ẹni tí ó ránṣẹ́ sí kò lè kà.

Ó ku ohun kékeré kan. Iṣẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa, fótókọ́pì ni ọ̀pọ̀ ènìyàn yóò fi kà á, dúdú àti funfun, àwọ̀ méjèèje yóò sì di eérú. Ẹ kọ orúkọ ọ̀pá sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀pá fúnra rẹ̀, kí ẹ má fi àpótí àwọ̀ sí igun kan. Ẹ sì fi àmì ohùn àti àmì ìsàlẹ̀ sí orúkọ náà. Mo ti rí àwòrán iṣẹ́ òòjọ́ kan tí ọ̀pá tó ga jù níbẹ̀ ń jẹ́ “oko”, láìsí àmì kankan lórí tàbí lábẹ́ rẹ̀. Ṣé àgbẹ̀ ni àwọn olùdáhùn wọ̀nyẹn ni, tàbí awakọ̀? Ó tilẹ̀ lè jẹ́ àwọn ìyàwó ilé ni wọ́n, tí wọ́n ní ọkọ ni ń bọ́ àwọn. Bí fọ́ǹtì bá kọ̀ tí kò gbé àmì, ẹ fi bírò fà á sí i kí ẹ tó gbé e lọ fún fótókọ́pì.