Ọ́ìlì, Ṣéènì àti Bíréèkì
Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń gun alùpùpù, kì í ṣe gbogbo ìtọ́jú rẹ̀ ni ó yẹ kí ẹ máa sanwó fún. Fúnra mi ni mo ń pààrọ̀ ọ́ìlì tèmi, nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá ṣì gbóná díẹ̀, kí ìdọ̀tí lè bá a ṣàn jáde. Ṣéènì náà, ìka ni mo fi ń gbé e wò: bí ó bá mì ju nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 3 lọ, ó ti dẹ̀ jù. (Èyí tí a fà le jù kò sàn, béárìn ni yóò bàjẹ́.) Bíréèkì ńkọ́? Láìráhùn ni mo ń sanwó rẹ̀ fún mẹkáníìkì, nítorí ọmọ mi ni mo ń gbé sẹ́yìn lọ sí ilé-ìwé. Ṣùgbọ́n mo máa ń dúró tì í, títí yóò fi de nọ́ọ̀tì tí ó gbẹ̀yìn.