Àwọn Tó Lọ, Àwọn Tó Kù

Lọ́jọ́ Tuesday tó kọjá, ọmọ mi ọkùnrin wọlé láti kọ́lẹ́ẹ̀jì, ó ju báàgì sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, kò kí mi. Ní ilé wa ní Peckham níbí, ọmọ tí kò bá kí mi, nǹkan ń ṣe é. Mo dákẹ́, mo bu oúnjẹ fún un. Ìgbà tó jẹun tán ló wá na fóònù sí mi: orúkọ àwọn tí yóò gbá básíkẹ́ẹ̀tì fún wọn láti oṣù kẹsàn-án. Ó ní, "Mọ́mì, ó ti parí fún wa."

Mo ní kó mú bébà wá. Mo fa ìlà méjì sí i, mo kọ ọ̀rọ̀ sókè: Tó Lọ, Tó Kù, Tó Dé. Ọ̀gá bẹ̀rẹ̀ sí í kà á. "Àwọn tó lọ, àwọn tó kú..." Ó wò mí. "Ta ló kú?"

Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Ohùn ìsàlẹ̀, kù, ẹni náà ṣì wà pẹ̀lú wa. Ohùn òkè, kú, ẹ lọ wá aṣọ dúdú. Bí ọmọ yín bá fẹ́ràn eré ìdárayá, ẹ fi bébà yìí kọ́ ọ ní àmì ohùn. Tèmi ò ní gbàgbé èyí mọ́ láé.

Àmọ́ ẹ̀rín ò pẹ́. Márùn-ún ló wà lábẹ́ Tó Lọ. Ọ̀kan nínú wọn ni ọ̀rẹ́ rẹ̀ láti ilé ìwé jẹ́léósinmi, tó ti gba ààyè ní kọ́lẹ́ẹ̀jì kan lókè odò Thames, níbi tí ẹgbẹ́ wọn ti lágbára gan-an. Ibẹ̀ ni ọmọ mi náà fẹ́ lọ. Ó sì ti ṣe ìdajì A-level rẹ̀! Mo pe ìyá mi lórí fóònù. Ìbéèrè kan ṣoṣo ni màámi bi í: "Ṣé wọ́n mọ ìṣirò kọ́ níbẹ̀ ju tibi lọ?" Kò rí èsì fún un.

Èmi ò fẹ́ fi ariwo borí ọ̀rọ̀ náà. Mo bá yí bébà sí ẹ̀yìn, mo ní ká ṣe ti University of Houston, ẹgbẹ́ Hakeem Ọlájuwọ́n. Ẹ̀yin tí bàbá yín máa ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ bí ẹni pé ẹ̀gbọ́n wọn ni, ẹ mọ̀ ọ́n. Èkó ni wọ́n ti bí i ní 1963, àwọn òbí rẹ̀ ń ta sìmẹ́ǹtì. Ó ti ṣọ́ ilé nínú bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀, ó ti gbá bọ́ọ̀lù aláfọwọ́gbá, kó tó di pé ó fọwọ́ kan básíkẹ́ẹ̀tì rárá. Ní 1980 ló lọ sí Houston.

Ní sáà 1982 sí 1983, àwọn èèyàn ń pe ẹgbẹ́ náà ní Phi Slama Jama, nítorí bí wọ́n ṣe máa ń fò sókè ki bọ́ọ̀lù bọ inú agbọ̀n. Wọ́n borí lẹ́ẹ̀mọ́kànlélọ́gbọ̀n, wọ́n pàdánù lẹ́ẹ̀mẹta péré. Ìkẹta yẹn ló dùn wọ́n jù: àṣekágbá ní Albuquerque, April 4, 1983. North Carolina State na wọ́n ní 54 sí 52, nígbà tí Lorenzo Charles ki bọ́ọ̀lù wọlé bí aago ṣe ń parí lọ.

A kọ ọ́ sílẹ̀. Tó Lọ: Clyde Drexler, tó bọ́ sí Portland; Larry Micheaux, tó kẹ́kọ̀ọ́ jáde. Tó Kù: Hakeem, Michael Young, Alvin Franklin. Tó Dé: Rickie Winslow, Greg Anderson, ọmọdé méjì. Ọmọ mi wò ó, ó ní wọ́n ti bàjẹ́. Lórí bébà, òótọ́ ni. Àmọ́ sáà tó tẹ̀ lé e, wọ́n borí lẹ́ẹ̀méjìlélọ́gbọ̀n, wọ́n tún dé àṣekágbá, kí Georgetown ti Patrick Ewing tó fi 84 sí 75 lé wọn padà sílé.

Ohun tí mo fẹ́ kó rí ni ti Hakeem fúnra rẹ̀. Ojú àmì 13.9 ló ń jẹ nínú ìdíje kan tẹ́lẹ̀; ó di 16.8. Bọ́ọ̀lù tó ta padà tó ń gbá mú jẹ́ 11.4, ó di 13.5. Ẹrù tí Drexler àti Micheaux sọ̀ kalẹ̀, kò wà nílẹ̀ lásán, ẹnì kan gbé e. Nítorí náà mo bi í: iṣẹ́ wo ni ọ̀rẹ́ rẹ ń ṣe gan-an? Ó ní òun ló máa ń gbé bọ́ọ̀lù láti ẹ̀yìn wá síwájú. Ta ló kù tó lè ṣe é? Ó pẹ́ kó tó dáhùn. "Èmi lè gbìyànjú. Àmọ́ ọwọ́ òsì mi ò dáa."

Ẹ má rò pé mo ti borí o. Ó ní, "Ṣebí Hakeem náà lọ ní 1984?" Ẹnu mi wọlé. Òótọ́ ni, òun ni wọ́n kọ́kọ́ mú lọ́dún yẹn, kí wọ́n tó kan Michael Jordan pàápàá. Mo ní, "Houston Rockets ló mú un. Ìlú kan náà ni. Kò tilẹ̀ sọdá odò." Òun náà ò lè pa ẹ̀rín mọ́ra.

Òun ló wá sọ fún mi pé ní April 2025, Houston tún pàdánù àṣekágbá, 65 sí 63, àti pé ọmọ Nàìjíríà kan, Rueben Chinyelu, wà nínú ẹgbẹ́ Florida tó gba ife náà. Ojú àmì méjì lẹ́ẹ̀kan sí i! Àánú wọn ṣe mí.

Fọ́ọ̀mù kọ́lẹ́ẹ̀jì kejì ṣì wà lórí fíríìjì, a ò tíì fọwọ́ sí i, a ò sì tíì ya á. Bébà tiwa wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, orúkọ rẹ̀ nìkan ni kò sí nínú ìlà kankan. Àmọ́ lọ́jọ́ Saturday, ó kó méjì nínú àwọn Tó Dé wálé lẹ́yìn ìdánrawò, ọ̀kan ga débi pé ó bẹ̀rẹ̀ kó tó wọ kíṣìnì. Jọ̀lọ́ọ̀fù tí mo sè de ọjọ́ méjì, kò di alẹ́.