Ogójì àti Àádọ́rin: Ronald Acuña Jr., Kú Oríire!

Ronald, ọmọ La Sabana, kú oríire! Kú orí ire, kú ẹsẹ̀ ire! Bí 27 oṣù Kẹsàn-án bá ti yípo, ó yẹ kí gbogbo àwa tí a fẹ́ràn béèsíbọ́ọ̀lù dìde, kí a pàtẹ́wọ́ títí ọwọ́ yóò fi máa ta wá. Ọjọ́ náà ní ọdún 2023, nígbà tí o ṣì jẹ́ ọmọ ọdún 25, lo ṣe ohun tí ẹnikẹ́ni kò ṣe rí láti ìgbà tí wọ́n ti ń gbá bọ́ọ̀lù yìí ní líìgì ńlá Amẹ́ríkà. Hóòmù rọ́ọ̀nù 40 ti wà nílẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ní alẹ́ ọjọ́ yẹn lo wá jí béèsì àádọ́rin pé, nínú sáà kan ṣoṣo.

Fún ẹni tí kò bá mọ eré yìí, ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí tí ariwo wa fi pọ̀ tó báyìí. Ẹni tó bá fi igi gbá bọ́ọ̀lù kọjá ògiri pápá ti jẹ hóòmù rọ́ọ̀nù nìyẹn. Wọ́ọ́rọ́wọ́ ni yóò máa rìn yí béèsì ká, kò sẹ́ni tó lè dí i lọ́wọ́. Iṣẹ́ alágbára ni. Béèsì jíjí yàtọ̀ pátápátá. Ẹni tó wà lórí béèsì kan yóò máa ṣọ́ ajubọ́ọ̀lù, yóò wo èjìká rẹ̀, yóò wo gìgísẹ̀ rẹ̀, bí bọ́ọ̀lù bá sì ti fẹ́ kúrò lọ́wọ́ rẹ̀ báyìí, ó ti ki eré mọ́lẹ̀. Bíi mítà 27 ló wà láàárín béèsì kan sí èkejì. Bí ahánbọ́ọ̀lù bá hán an tó sì jù ú débẹ̀ kó tó dé, tí wọ́n sì fi bọ́ọ̀lù náà kàn án lára, ó tán. Iṣẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ fífúyẹ́ àti olójú inú ni. Àwọn tó ní agbára igi sábà máa ń sanra, àwọn tó ní eré ẹsẹ̀ sábà máa ń rí pẹ́lẹ́ńgẹ́. Ẹni tí Ẹlẹ́dàá fún ní méjèèjì kò wọ́pọ̀.

Kí Acuña tó dé, ènìyàn mẹ́rin péré ló ti jẹ hóòmù rọ́ọ̀nù 40 tó tún jí béèsì 40 nínú sáà kan: Jose Canseco ní 1988, Barry Bonds ní 1996, Alex Rodriguez ní 1998, àti Alfonso Soriano ní 2006. Nínú àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, béèsì 46 ti Rodriguez ló pọ̀ jù. Acuña parí tirẹ̀ pẹ̀lú hóòmù rọ́ọ̀nù 41 àti béèsì 73. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, Shohei Ohtani ti Dodgers jẹ hóòmù rọ́ọ̀nù 54, ó sì jí béèsì 59. Iṣẹ́ ńlá ni, mo sì bọ̀wọ̀ fún un tọkàntọkàn. Ṣùgbọ́n ogójì pẹ̀lú àádọ́rin, Acuña nìkan ni.

Mo mọ ohun tí àwọn kan ń sọ. Wọ́n ní ọdún 2023 gan-an ni líìgì yí òfin padà: béèsì fẹ̀ sí i, wọ́n sì dín iye ìgbà tí ajubọ́ọ̀lù lè yíjú padà láti dẹ́rù ba ẹni tó fẹ́ jí béèsì kù. Òótọ́ ni. Àmọ́ òfin kan náà ni gbogbo wọn fi gbá bọ́ọ̀lù lọ́dún yẹn, ta ni ẹlòmíràn tó dé ibẹ̀?

Ohun tó wú mi lórí jù nínú sáà yẹn kì í tilẹ̀ ṣe agbára tàbí eré ẹsẹ̀. Ní ọdún 2019, ìgbà 188 ni àwọn ajubọ́ọ̀lù lé e kúrò nídìí igi láìjẹ́ pé ó gbá bọ́ọ̀lù síbì kankan. Ó ń fi igi pa afẹ́fẹ́ ni. Ní ọdún 2023, iye yẹn wálẹ̀ sí 84. Ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ tó bá gba àdéhùn mílíọ̀nù 100 dọ́là ní ọmọ ọdún 21, bí tirẹ̀, kò ní í rí ìdí tó fi yẹ kó tún padà sẹ́nu ẹ̀kọ́. Acuña padà. Ó kọ́ bí a ṣe ń fi bọ́ọ̀lù tí kò dára sílẹ̀, agbára rẹ̀ kò sì dín. Nígbà tí sáà parí, gbogbo oníròyìn 30 tó dìbò ló fi orúkọ rẹ̀ sí ipò kìíní fún oyè ẹni tó pegedé jù lọ ní líìgì National.

Alẹ́ ọjọ́ 27 náà dùn bí ìtàn. Àlejò ni Chicago Cubs ní pápá Truist Park, ilé Braves, ẹgbẹ́ Acuña, ní Atlanta. Eré ti wọ ìpele kẹwàá, Cubs sì fi ayò kan ṣíwájú. Acuña gbá bọ́ọ̀lù kan tó mú ayò wọn dọ́gba. Ó dúró sórí béèsì kìíní, gbogbo pápá ti dìde, kò sí ẹni tí kò mọ ohun tó fẹ́ ṣe, títí kan àwọn Cubs fúnra wọn. Ó lọ. Ó ju ara rẹ̀ sílẹ̀ gbọọrọ, ó sì dé! Ló bá fa béèsì náà tu kúrò nílẹ̀, ó gbé e sókè orí. Àwọn kan bínú pé ó dá eré dúró. Ẹ dákun, bí ènìyàn bá ṣe ohun tí a kò rí rí, kí ló tún yẹ kó gbé sókè bí kò ṣe béèsì yẹn? Kò pẹ́ tí Ozzie Albies, ọ̀rẹ́ rẹ̀, fi gbá bọ́ọ̀lù tó mú un wọlé, Atlanta sì borí.

Ní oṣù tó ṣáájú, ní 31 oṣù Kẹjọ, ó gbéyàwó ní Los Angeles. Lọ́jọ́ náà gan-an, ó wọ aṣọ bọ́ọ̀lù, ó lọ kojú Dodgers, ó sì gbá bọ́ọ̀lù kọjá ògiri nígbà tí béèsì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kún fún ènìyàn, ayò mẹ́rin lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Irú ọkọ ìyàwó wo nìyẹn!

Ọmọ tó máa jẹ́ Àṣàmú, kékeré ló ti ń ṣẹnu ṣámúṣámú. La Sabana, ìlú etí òkun ní Venezuela, ni wọ́n bí i sí ní 18 oṣù Kejìlá 1997, sínú ẹbí tí béèsíbọ́ọ̀lù jẹ́ iṣẹ́ ìdílé wọn. Bàbá rẹ̀ gbá a ní àwọn líìgì kéékèèké Amẹ́ríkà, bàbá ìyá rẹ̀ náà gbá a. Alcides Escobar tó gba World Series, ìdíje àṣekágbá líìgì ńlá, pẹ̀lú Kansas City ní 2015, ìbátan rẹ̀ ni. Luisangel, àbúrò rẹ̀, náà ti wọ líìgì ńlá. Síbẹ̀, 100,000 dọ́là péré ni Braves fi mú Ronald ní 2014. Nígbà tó kọ́kọ́ wọ pápá fún wọn ní Cincinnati ní 25 oṣù Kẹrin 2018, ọmọ ogún ọdún ni. Ní ọjọ́ kejì ló jẹ hóòmù rọ́ọ̀nù àkọ́kọ́. Ní oṣù Kẹwàá ọdún náà, ó gba ayò mẹ́rin lẹ́ẹ̀kan lọ́wọ́ Walker Buehler ti Dodgers nínú ìdíje ẹ̀yìn sáà, kò sì sí ẹni tó kéré tó o tó ṣe irú rẹ̀ rí níbẹ̀. Mickey Mantle ló ni àkọsílẹ̀ yẹn tẹ́lẹ̀. Wọ́n fún un ní oyè ẹni tuntun tó dára jù lọ.

Lẹ́yìn náà ni orúnkún dé. Ní 10 oṣù Keje 2021, ó fò sókè fún bọ́ọ̀lù kan ní Miami, iṣan orúnkún ọ̀tún rẹ̀ sì já. Ọdún yẹn gan-an ni Braves gba World Series, èyí tí wọn kò gbà láti 1995, òun sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá, kò lè gbá a. Ó padà, ó sì fi sáà 2023 dáhùn. Ní 26 oṣù Karùn-ún 2024, ní Pittsburgh, ó fẹ́ jí béèsì kẹta, ó yí padà lójijì, ti òsì náà já. Ẹni tí ẹsẹ̀ jẹ́ ìdajì ọlá rẹ̀, orúnkún méjèèjì! Àwọn kan ti ń fi ọ̀rọ̀ ìdágbére kọ̀wé nípa rẹ̀.

Ní 23 oṣù Karùn-ún 2025, ó tún jáde ní Truist Park. Nick Pivetta ti San Diego ju bọ́ọ̀lù àkọ́kọ́ sí i. Bọ́ọ̀lù àkọ́kọ́ gan-an! Acuña fún un ní igi, bọ́ọ̀lù náà sì rin mítà 142 kó tó balẹ̀. Mo kígbe, ojú kò sì tì mí.

Apá ọ̀tún pápá ni Acuña ń ṣọ́, níbi tí Hank Aaron ṣọ́ fún Braves yìí kan náà. Aaron jẹ hóòmù rọ́ọ̀nù 755, ó sì fara da ìhàlẹ̀ ikú nítorí àwọ̀ rẹ̀ kó tó kọjá àkọsílẹ̀ hóòmù rọ́ọ̀nù Babe Ruth ní 1974. Ní 1963, Aaron jẹ 44, ó sì jí béèsì 31, èyí tí wọ́n kà sí ìyanu nígbà náà. Inú mi dùn pé ọmọkùnrin adúláwọ̀ láti etí òkun Venezuela ló wà níbẹ̀ lónìí, tó ń rẹ́rìn-ín, tó ń jó, tó sì ń ju igi sẹ́gbẹ̀ẹ́ bó ṣe wù ú.

Ẹ̀yin òbí rẹ̀, ẹ kú ọlá ọmọ. Ẹ̀yin ará La Sabana, ẹ kú àmúyangàn. Ẹ̀yin olólùfẹ́ Braves, ẹ kú ìdúró tì í. Ìwọ Ronald, orúnkún rẹ kò ní í yẹ̀ mọ́, igi rẹ kò ní í tàsé, a ó tún rí ọ lórí béèsì kìíní, a ó tún dìde, a ó sì tún máa kígbe pé: lọ!