Èyí Tó Wà Nílẹ̀ Ni Ká Kọ́kọ́ Lò fún Àtọ̀gbẹ

Ṣúgà ni gbogbo ènìyàn máa ń dárúkọ bí ọ̀rọ̀ bá kan àtọ̀gbẹ, ṣùgbọ́n nínú oríṣi kejì, tó wọ́pọ̀ jù, wàhálà ti máa ń bẹ̀rẹ̀ látìgbà tí ara bá ti kọ etí ikún sí insulin, èròjà ara tó ń darí ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀. Insulin lè pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀, síbẹ̀ iṣan kò ní fa ṣúgà wọlé bó ti yẹ, ẹ̀dọ̀ kò sì ní yéé tú u síta. Ibí yìí ni ẹ́ńsáìmù tí wọ́n ń pè ní AMPK ti wúlò. Òun ló ń ṣọ́ agbára inú sẹ́ẹ̀lì. Bí a bá ń rìn kánmọ́kánmọ́, tí agbára inú iṣan ń lọ sílẹ̀, AMPK á ta jí, iṣan á sì máa gba ṣúgà láìdúró de àṣẹ insulin. Lọ́dún 2001, àwọn olùwádìí rí i pé òògùn àtọ̀gbẹ tí wọ́n ń pè ní metformin náà ń jí ẹ́ńsáìmù yìí.

Ìdí nìyí tí a fi gbà pé ìrìn ẹsẹ̀ àti metformin ló yẹ kí ìjọba kọ́kọ́ náwó lé, kó tó kan òògùn tuntun olówó gọbọi. Nínú ìwádìí tó jáde ní Amẹ́ríkà lọ́dún 2002, àwọn 3,234 tí ṣúgà wọn ti ń gòkè ni wọ́n tẹ̀ lé. Àwọn tó dín sísanra kù, tí wọ́n ń ṣe eré ìdárayá fún 150 ìṣẹ́jú lọ́sẹ̀, fi ìdá 58 nínú ọgọ́rùn-ún dín ewu àtọ̀gbẹ kù. Ti àwọn tó lo metformin jẹ́ 31.

Àwọn kan á ní ìwádìí 2010 ti fi hàn pé metformin ṣì ń mú ṣúgà wálẹ̀ lára eku tí ẹ̀dọ̀ wọn kò ní AMPK. Òótọ́ ni, ọ̀nà tó ń gbà ṣiṣẹ́ ju ẹyọ kan lọ. Àmọ́ ara ènìyàn ni ẹ̀rí tí a gbára lé ti wá, kì í ṣe ara eku. Àwọn mìíràn á ní àgbo ti tó. Ewéko Yúróòpù kan, Galega officinalis, ni ìtàn metformin ti ṣẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n èròjà inú ewé náà ní májèlé. Àtúnṣe, ìdánwò àti òṣùwọ̀n ló sọ ọ́ di òògùn. Òògùn náà fúnra rẹ̀ kò tọ́ sí ẹni tí kíndìnrín rẹ̀ ti bàjẹ́ gan-an. Nítorí náà, kí àyẹ̀wò ṣúgà àti ti kíndìnrín pẹ̀lú metformin wà ní gbogbo ilé ìwòsàn alábọ́ọ́dé, kí ìjọba sì la ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ títì.