Fóònù Kì Í Ṣe Alágbàtọ́ Ọmọ

Owó oṣù, àjẹmọ́nú àti iṣẹ́ àṣekún ni a sábà máa ń kọ̀wé lé lórí ní ojú ìwé yìí. Lónìí, ọ̀rọ̀ inú ilé ni a gbé wá. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ẹgbẹ́ náà ni, nítorí pé iṣẹ́ tí a ń ṣe ni ó fà á.

Ní ìpàdé wa tí ó kọjá, ẹnì kan nínú wa tí ń ṣe iṣẹ́ alẹ́ sọ ohun tí ojú rẹ̀ rí. Ìyàwó rẹ̀ lọ sí ìlú òbí rẹ̀ lọ tọ́jú ìyá tí ara rẹ̀ kò yá. Bàbá fi fóònù kan sílẹ̀ fún ọmọbìnrin rẹ̀, ọmọ ọdún 10, kí ó lè ṣe iṣẹ́ àṣetiléwá tí olùkọ́ fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp. Ní òru ọjọ́ kan, ẹ̀rọ bàjẹ́ níbi iṣẹ́, wọ́n sì ní kí wọ́n máa lọ sílé. Nígbà tí ó délé ní nǹkan bí aago méjì òru, ọmọ náà kò tí ì sùn. Ìmọ́lẹ̀ fóònù ni ó ń tàn sí i lójú lábẹ́ aṣọ ìbora. Bàbá gba fóònù, ó wò ó. Ẹnì kan tí kò sí ẹni tí ó mọ̀ ọ́n nínú ilé ti ń bá ọmọ yìí sọ̀rọ̀ fún ọjọ́ mẹ́rin nínú eré kan. Ó ti béèrè orúkọ iléèwé rẹ̀. Ó ti béèrè àkókò tí bàbá rẹ̀ ń lọ síbi iṣẹ́. Ó sì ti ní kí ó ya fọ́tò ara rẹ̀, kí ó fi ránṣẹ́. Ọlọ́run ni ó yọ wọ́n. Ọmọ náà kò tí ì fi fọ́tò kankan ránṣẹ́.

Gbogbo ìpàdé dákẹ́ rọ́rọ́. Lẹ́yìn náà ni ariwo ta. Àwọn kan ní kí oníkálùkù gba fóònù lọ́wọ́ ọmọ rẹ̀, kí ó tì í mọ́ inú àpótí. Àwọn mìíràn ní ayé ti di ayé íntánẹ́ẹ̀tì, kí a fi ọmọ sílẹ̀, yóò mọ̀ ọ́n fúnra rẹ̀. Àwa kò fara mọ́ ti èkíní, bẹ́ẹ̀ ni a kò fara mọ́ ti èkejì. Ìdí rẹ̀ nìyí.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ dá àwọn tí ó fẹ́ ti fóònù mọ́ àpótí lóhùn. Láti ọdún 2015 ni JAMB ti pa ìdánwò orí bébà tì pátápátá. Iwájú kọ̀ǹpútà ni ọmọ tí ó bá fẹ́ wọ yunifásítì gbọ́dọ̀ jókòó sí. Ọmọ olówó ti ń tẹ kọ̀ǹpútà láti kékeré. Ọmọ òṣìṣẹ́ tí kò fọwọ́ kàn án rí yóò máa wá lẹ́tà kiri nígbà tí àkókò ń lọ. Kì í ṣe pé orí rẹ̀ kò pé. Ọwọ́ rẹ̀ ni kò mọ̀ ọ́n.

Ẹ sì rántí ọdún 2020. Ní oṣù kẹta ọdún náà ni ìjọba ti àwọn iléèwé ní ìpínlẹ̀ Èkó nítorí àrùn kòrónà, ọ̀pọ̀ oṣù sì kọjá kí ọmọ tó padà sí kíláàsì. Ìjọba gbé ẹ̀kọ́ sórí rédíò àti tẹlifíṣọ̀n. Ọ̀pọ̀ iléèwé aládàáni ń kọ́ àwọn ọmọ tiwọn lórí WhatsApp àti Zoom. Ẹni tí ó ní fóònù, tí ó ní dátà, tí ó sì ní iná nílé, ọmọ rẹ̀ ń kàwé lọ. Púpọ̀ nínú ọmọ tiwa ń ṣeré kiri àdúgbò. Bí a bá ti fóònù mọ́ àpótí lónìí, ọwọ́ ara wa ni a óò fi dá ọmọ wa padà sí ipò tí wọ́n wà lọ́dún náà.

Níhìn-ín ní Ìmọ̀tà, ilé iṣẹ́ ìrẹsì tí wọ́n ṣí ní oṣù kìíní ọdún 2023 ni a kọ́ láti máa ṣe tọ́ọ̀nù 32 ní wákàtí kan. Irú ẹ̀rọ ńlá bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ohun tí a ń fi agbára apá nìkan darí. Ọmọ wa tí kò bá mọ kọ̀ǹpútà, àpò ni yóò máa rù níbẹ̀.

Àwọn bàbá wa ti bá irú ọ̀rọ̀ yìí pàdé rí. Nígbà tí ìjọba Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní Ìwọ̀ Oòrùn ní oṣù kìíní ọdún 1955, abẹ́ ìjọba náà ni Ìkòròdú àti Ẹ̀pẹ́ wà. Ọdún 1967 ni a tó dá ìpínlẹ̀ Èkó sílẹ̀. Ọmọ tí iléèwé rẹ̀ jìnnà ní títì láti kọjá. Òbí tí ó gbọ́n kò tìtorí mọ́tò pa ọmọ mọ́lé. Kò sì ní kí ọmọ ọdún 6 dá títì kọjá. Ẹ̀gbọ́n ni ó ń fà á lọ́wọ́, títí tí ọmọ náà fi mọ̀ ọ́n kọjá. Ohun tí a ń wí nípa fóònù nìyẹn.

Ó wá ku ẹ̀yin tí ẹ ní kí a fi ọmọ sílẹ̀. Ẹ wo ibi iṣẹ́ wa. Ta ni ń fi ọmọ iṣẹ́ tuntun sídìí ẹ̀rọ ní ọjọ́ àkọ́kọ́ láìsí ọ̀gá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀? Ọjọ́ mélòó ni ẹgbẹ́ wa ti fi bá àwọn aláṣẹ fà á lórí irin tí ó yẹ kí ó bo ẹnu ẹ̀rọ? A kò ní kí wọ́n kó ẹ̀rọ dànù. Ohun tí a ní ni pé kí wọ́n bo ibi tí ó ń gé ọwọ́. Awakọ̀ náà kì í ju kọ́kọ́rọ́ sí ọmọ iṣẹ́ pé kí ó nìkan gbé ọkọ̀ lọ sí Ìtòìkín. Kí ló dé tí a ń fún ọmọ ọdún 7 ní ohun tí ó ṣí sí gbogbo ayé, tí a sì kẹ̀yìn sí i?

Ewu náà kì í ṣe ọ̀rọ̀ àsọdùn. Ní oṣù keje ọdún 2012, àwọn ènìyàn kan tan akẹ́kọ̀ọ́bìnrin yunifásítì kan láti orí Facebook wá sí Èkó, wọ́n sì pa á ní hòtẹ́ẹ̀lì kan ní FESTAC. Ní ọdún 2017, ilé ẹjọ́ dá ẹjọ́ ikú fún méjì nínú wọn. Ẹni tí ó ti dàgbà ni, ó sì kàwé ju púpọ̀ nínú wa lọ, síbẹ̀ wọ́n rí i tàn. Kí ni ọmọ ọdún 10 yóò ti ṣe é?

Àwọn kan yóò ní, "Ọmọ mi mọ fóònù jù mí lọ. Èmi tí mo ka ìwé mẹ́fà, kí ni mo fẹ́ kọ́ ọ?" Àwọn àgbà ti dá yín lóhùn: ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ akèrègbè. Ọmọ mọ ibi tí a ń tẹ̀. Ìwọ ni o mọ ènìyàn. O mọ ohùn ẹni tí ń tan ni jẹ. O mọ̀ pé ẹni tí a kò mọ̀ rí kì í dédé fún ni ní ẹ̀bùn. Ìwé mẹ́fà tó fún ìyẹn. Àwa tí a ń kọ èyí, iléèwé alẹ́ ni a fi kún tiwa, ọmọ wa ni ó sì kọ́ wa bí a ṣe ń ṣí àwòrán ilẹ̀ lórí fóònù. A kò tìjú.

Kí ni ọmọ lè wá fi fóònù ṣe tí yóò dùn mọ́ ọn, tí yóò sì kọ́ ọ lọ́gbọ́n? Ẹ gbọ́ mẹ́rin tí àwa gan-an ti dán wò.

Èkíní ni àlọ́. Ẹ jẹ́ kí ọmọ fi fóònù gba ohùn ìyá àgbà sílẹ̀ nígbà tí ó bá ń pàlọ́ ìjàpá. Lẹ́yìn náà, kí ó tún un gbọ́, kí ó sì kọ ọ́ sínú ìwé ní èdè Yorùbá. Èyí kò gba dátà rárá. Ẹ má sì rò pé Yorùbá yóò fa ọmọ sẹ́yìn. Láti ọdún 1970 ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní yunifásítì Ifẹ̀ ti fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ fún odindi ọdún 6 ní Ilé-Ifẹ̀, àwọn ọmọ náà sì ṣe dáadáa, títí kan èdè Gẹ̀ẹ́sì.

Èkejì ni ìwé kíkà. African Storybook, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní Gúúsù Áfíríkà ní ọdún 2014, ní ìwé ìtàn alápèjúwe fún ọmọdé ní ọ̀pọ̀ èdè Áfíríkà, Yorùbá sì wà níbẹ̀. Ọ̀fẹ́ ni. A lè gbé ìtàn náà wọlé nígbà tí dátà bá wà, kí a máa kà á nígbà tí kò bá sí. Ọmọ kà á fún bàbá, bàbá kà á fún ọmọ.

Ẹ̀kẹta ni ìṣirò. Ní ọdún 2004 ni Salman Khan bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ọmọ ẹbí rẹ̀ kan ní ìṣirò láti ọ̀nà jíjìn ní Amẹ́ríkà. Láti inú ìyẹn ni Khan Academy ti jáde, tí ó ń kọ́ni lọ́fẹ̀ẹ́ káàkiri ayé. Èyí tí wọ́n ṣe fún àwọn ọmọ kéékèèké, Khan Academy Kids, jẹ́ ti ọmọ ọdún 2 sí 8. Eré ni ọmọ rò pé òun ń ṣe, ẹ̀kọ́ ni ó ń kọ́. Kò sí ìpolówó nínú rẹ̀, kò sì gba owó.

Ẹ̀kẹrin, ẹ̀yin awakọ̀ ni ó ni ín. Ẹ ṣí àwòrán ilẹ̀ ti Google. Kí ọmọ wá ilé yín, kí ó wá Ìmọ̀tà, kí ó fi ìka tẹ̀ lé ọ̀nà láti Ìkòròdú dé Ìtòìkín, kí ó bá a dé Ẹ̀pẹ́. Ẹ bi í pé kìlómítà mélòó ni. Ẹ bi í pé bí epo jálá kan bá gbé ọkọ̀ rìn dé ibi báyìí, jálá mélòó ni yóò gbé e lọ tí yóò gbé e bọ̀, èrò mélòó ni a óò gbé kí owó epo tó yọ. Ọmọ yóò mọ ìṣirò, yóò sì mọ ohun tí ojú bàbá rẹ̀ ń rí.

Ó tó wákàtí kan lóòjọ́ fún ọmọ iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Kí ó lè jẹ́ ibi ire ni yóò já sí, ẹ jẹ́ kí a fi ìbòrí bo ẹnu ẹ̀rọ báyìí:

Kí ọmọ lo fóònù ní pálọ̀ tàbí ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ níbi tí ojú ti tó o, kì í ṣe lábẹ́ aṣọ ìbora. Bí ó bá di aago mẹ́sàn-án alẹ́, ọwọ́ àgbàlagbà ni fóònù yóò sùn sí. Ẹni tí ó bá ń lọ síbi iṣẹ́ alẹ́, tí kò sí àgbàlagbà nílé, kí ó mú fóònù náà dání, kí ó sì fi ọmọ sọ́dọ̀ aládùúgbò tí ó mọ̀ dájú.

Kí ọmọ má sọ orúkọ rẹ̀, iléèwé rẹ̀ tàbí àdúgbò rẹ̀ fún ẹnikẹ́ni lórí íntánẹ́ẹ̀tì, kí ó má sì fi fọ́tò ránṣẹ́. Àwọn tí ó ni Facebook àti TikTok fúnra wọn ní ọmọ tí kò bá tí ì pé ọdún 13 kò gbọdọ̀ forúkọ sílẹ̀ níbẹ̀. Ẹ má bá ọmọ yín parọ́ ọjọ́ orí.

Ẹ fi nọ́ńbà àṣírí ti báńkì yín pamọ́ fún ọmọ. Ẹ lo Family Link ti Google. Ọ̀fẹ́ ni, òun ni ó ń pààlà àkókò, tí ó sì ń ti ohun tí kò yẹ ọmọ.

Bí ẹnikẹ́ni bá sì ti tan ọmọ, ẹ má na ọmọ. Ọmọ tí a bá nà kò ní sọ ti ẹlẹ́ẹ̀kejì. Ẹ má pa ọ̀rọ̀ inú fóònù náà rẹ́. Ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ ọlọ́pàá bí ó ti wà. Òfin ọdún 2015 lórí ìwà ọ̀daràn orí íntánẹ́ẹ̀tì ka irú ìtànjẹ bẹ́ẹ̀ sí ẹ̀ṣẹ̀ tí ẹ̀wọ̀n wà fún.

Ó ku ọ̀rọ̀ owó, níbi tí bàtà ti ń ta òṣìṣẹ́ lẹ́sẹ̀. Ní oṣù keje ọdún 2024 ni owó oṣù tí ó kéré jù lọ di ₦70,000. Nígbà tí yóò fi di oṣù kìíní ọdún 2025, àjọ NCC ti fọwọ́ sí i pé kí àwọn ilé iṣẹ́ fóònù fi tó ìdá 50 nínú 100 kún owó wọn. NLC lòdì sí i, wọ́n pe ìwọ́de, ìjọba sì bá wọn jókòó sọ̀rọ̀. Ohun tí ó yẹ kí a mọ̀ ni pé owó dátà ti di owó iléèwé. Nígbà tí ẹgbẹ́ bá tún ń bá àwọn aláṣẹ sọ̀rọ̀ lórí àjẹmọ́nú, kí a gbé e sórí tábìlì pẹ̀lú owó ọkọ̀ àti owó ilé.

Nítorí náà, ohun mẹ́ta ni a ń gbé wá sí ìpàdé tí ń bọ̀. Kí ẹ̀ka wa ya wákàtí méjì sọ́tọ̀ ní gbogbo Sátidé ní gbọ̀ngàn ẹgbẹ́, kí òbí àti ọmọ jọ wá kọ́ ohun tí a kà sílẹ̀ wọ̀nyí, kí ẹni tí ó mọ̀ ọ́n kọ́ ẹni tí kò mọ̀. Kí a kọ̀wé sí àwọn aláṣẹ pé kọ̀ǹpútà tí wọn kò bá lò mọ́, kí wọ́n fi ta ẹgbẹ́ lọ́rẹ. Kí a sì béèrè pé òṣìṣẹ́ tí ó bá ń dá tọ́ ọmọ kéékèèké, tàbí tí ọkọ tàbí aya rẹ̀ kò sí nílé, kí wọ́n má fi í sí iṣẹ́ alẹ́.

Ẹ̀kẹta yìí ni yóò le jù. A mọ̀. Ṣùgbọ́n irin tí ń bo ẹnu ẹ̀rọ náà le, a sì gbà á. Ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà. Ẹ wá sí ìpàdé, ẹ mú ìyàwó àti ọkọ yín dání. Ọ̀rọ̀ yìí kan gbogbo wa.