Rọ́bà Èémí Ọmọ Tí Oṣù Rẹ̀ Kò Pé



Ìyàwó kan ní Mọ́kọ́lá bi mí pé kí ló dé tí ọmọ òun, tí a bí ní oṣù keje, ń lanu ké ní ilé ìwòsàn tí a kò sì gbọ́ ohùn rẹ̀. Ẹ̀rù ń bà á pé ọmọ ti yadi. Ọmọ kò yadi. Rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ tí dókítà kì bọ ọ̀nà èémí rẹ̀ gba àárín tán-án-ná, níbi tí ohùn ti ń jáde. Nígbà tí wọ́n bá yọ ọ́, ohùn yóò padà, bí ó tilẹ̀ há díẹ̀.

Púpọ̀ nínú àwọn ọmọ tí kò tètè ké kì í dé orí rọ́bà. Báàgì kékeré tí a fi ń fẹ́ atẹ́gùn sí wọn nímú ti tó. Ṣùgbọ́n ẹ̀dọ̀fóró ọmọ tí oṣù rẹ̀ kò pé lè má gbó tó.

Ọmọ tí kò tó kílò 1 a máa lo rọ́bà tí ihò rẹ̀ fẹ̀ ní mílímítà 2.5, láti kílò 1 dé 2, 3.0 ni, bí ó bá ju 2 lọ, 3.5. Ìyàtọ̀ náà kò ju sísanra èékánná lọ! Síbẹ̀, èyí tó tóbi jù yóò bó ọ̀nà èémí, àpá rẹ̀ sì lè fún ọ̀nà náà pọ̀. Èyí tó kéré jù, atẹ́gùn yóò máa gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ sá, kẹ̀lẹ̀bẹ̀ a sì tètè dí i. Jíjìn rẹ̀ náà ní ìṣirò: a ó fi 6 kún ìwọ̀n ọmọ ní kílò, iye sẹ̀ǹtímítà tí yóò wà ní ètè nìyẹn. Ọmọ kílò 1.5, sẹ̀ǹtímítà 7.5. Bí ó bá wọlé jù, ẹ̀dọ̀fóró ọ̀tún nìkan ni yóò máa gba atẹ́gùn. Ìdí nìyí tí nọ́ọ̀sì kì í fẹ́ kí ìyá yí orí ọmọ fúnra rẹ̀. Ẹ má pè é ní ìkanra.

Kí a tó bí ọmọ, ta ni yóò wọ̀n ọ́n? Iye ọ̀sẹ̀ oyún ni wọ́n fi ń yan rọ́bà sílẹ̀: kí ó tó pé 28, 2.5, láti 28 dé 34, 3.0. Ọjọ́ tí ẹ rí nǹkan oṣù kẹ́yìn, tí a kọ sínú káàdì aboyún, ni a fi ń kà á. Ẹ mú káàdì yín dání. Kì í ṣe ohun à-fi-pamọ́ sábẹ́ aṣọ. Bí omi bá sì dà kí oṣù tó pé, ẹ má dúró de ẹnikẹ́ni nílé. Láti Mọ́kọ́lá, UCH tí a ṣí ní 1957 kò jìnnà; ó sàn kí ọmọ ṣì wà nínú yín nígbà tí ẹ bá débẹ̀ ju kí ẹ gbé e lọ́wọ́ nínú takisí.