Orúkọ Kan, Ọba Méjì: Bí A Ṣe Ń Dá Owó Wúrà Róòmù Mọ̀

 Ẹ̀yin ọlọ́jà mọ̀ pé bí a bá gba owó tí kò dá wa lójú, ńṣe ni à ń yí i wò síwá sẹ́yìn. Ojú bẹ́ẹ̀ ni kí a fi wo owó wúrà àwọn ọba Róòmù lónìí, nítorí ẹni tí ó bá ka orúkọ ara rẹ̀ nìkan yóò ṣìnà.

Solidus ni wọ́n ń pe owó náà. Ọba Constantine ni ó dá a sílẹ̀ ní nǹkan bí ọdún 310. Ẹyọ 72 ni wọ́n ń rọ láti inú ìwọ̀n pọ́n-ùn Róòmù kan, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan fi tó nǹkan bí gíráàmù 4.5. Nítorí náà, ìwọ̀n ni kí ẹ kọ́kọ́ gbé. Bí kò bá pé, ó lè jẹ́ pé wọ́n ti rẹ́ ẹ létí, tàbí kí ó jẹ́ ayédèrú.

Bí ó bá pé, ẹ ka orúkọ tí ó yí orí ọba ká. Ṣùgbọ́n Constantine ju ẹyọ kan lọ! Ti àkọ́kọ́ kú ní 337. Òmíràn wà, tí àwọn òpìtàn ń pè ní Constantine Kẹta: àwọn ọmọ ogun ni wọ́n fi í jọba ní Britain ní 407, wọ́n sì pa á ní 411. CONSTANTINVS ni a kọ sára owó àwọn méjèèjì. Kí ni kí a wá ṣe?

Ẹ yí owó náà padà, kí ẹ wo ìsàlẹ̀ pátápátá. Bí ẹ bá rí OB ní ìparí àmì ibẹ̀, bíi CONOB tàbí TROB, kì í ṣe ti Constantine àkọ́kọ́. OB ń sọ pé wọ́n ti yọ́ wúrà náà mọ́, ayé Ọba Valentinian, ní nǹkan bí 368, ni wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí kọ ọ́. TR dúró fún ìlú Trier, tí ó wà ní Jámánì lónìí. Bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ ta á fún yín ní ti Constantine àkọ́kọ́, tí OB sì wà nísàlẹ̀, ẹ di àpò yín mú!

Ẹ tún ka G tí ó wà lẹ́yìn AV. Constantine Kẹta kọ G mẹ́rin, nítorí ó fẹ́ kí ayé ka òun mọ́ àwọn ọba mẹ́ta tí ó bá lórí ìtẹ́.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe eré. Ní 1992, ní Hoxne, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọkùnrin kan tí ó ń wá òòlù tí ó sọnù kan ìṣúra nínú ilẹ̀: owó wúrà ju 500 lọ, ti fàdákà ju 14,000 lọ. Owó fàdákà méjì péré, ti Constantine Kẹta, ni ó fi hàn pé wọn kò rì í mọ́lẹ̀ ṣáájú 407. Bí a bá ṣì wọ́n kà sí ti àkọ́kọ́, ẹ̀rí náà ti sọnù nìyẹn.

Ẹni tí ó bá fara balẹ̀ pa èèrà ni yóò rí ìfun inú rẹ̀. Ẹ gbé e lé ìwọ̀n, ẹ ka orúkọ, kí ẹ sì wo ìsàlẹ̀. Ó di ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀.